Ariwo Tó Wà Lábẹ́ Orin

Kíkà: Mátíù 13:24-30

Ohùn tó ń jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ giramafóònù kéré ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Kó tó di orin, iná mànàmáná ni, iná ọ̀hún kò sì ju nǹkan bíi mílífóòtì 5 lọ nínú irú orí abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ní fóòtì kan àti ààbọ̀. Ó fi ìlọ́po 300 jù ú lọ. Orí abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí àwọn olùfẹ́ àwo máa ń náwó lé gan-an, èyí tó jẹ́ pé wáyà wínníwínní ló ń mì nínú rẹ̀ dípò mágínẹ́ẹ̀tì. Tirẹ̀ lè má tó ìdajì mílífóòtì kan. Inú ìwọ̀nba yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wà: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ìlù, agogo, èémí tí ẹni tó fẹ́ dá orin kọ́kọ́ fà sínú.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba ohùn yìí là ń pè ní preamp. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ọ̀kan di 100, nígbà mìíràn kó sọ ọ́ di 1,000, kí ámípílífáyà ńlá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún sípíkà. Èyí tí mo fẹ́ kí a ronú lé lórí lónìí ni èyí tí wọ́n fi fáàfù ṣe, ìgò kékeré tí iná pupa máa ń tàn nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú rédíò àwọn bàbá wa kí transistor tó dé. Mo fẹ́ràn ohùn fáàfù tọkàntọkàn. Tí ènìyàn bá kọrin nínú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé àyà ni orin náà ti ń bọ̀, kì í ṣe ètè nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan fáàfù ti yan ariwo mọ́ ọn. Transistor òde òní dákẹ́ jù ú lọ dáadáa, kò sì sí ìdí tí a ó fi sẹ́ ẹ.

Nínú ibi tí a kà, àwọn ìránṣẹ́ rí èpò láàárín àlìkámà, wọ́n sì fẹ́ lọ fà á tu lójú ẹsẹ̀. Ìfẹ́ oko ló wà lọ́kàn wọn. Kò síbi tí ọ̀gá wọn ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ tàbí ènìyàn burúkú. Ọwọ́ wọn ni ọ̀gá wọn ń bẹ̀rù. Àlìkámà lè bá èpò jáde. Mo mọ̀ pé Jésù fúnra rẹ̀ túmọ̀ òwe yìí níwájú díẹ̀ nínú orí kan náà, ó sì so ó mọ́ ìkórè òpin ayé. N kò yí ìtumọ̀ yẹn padà. Ìbẹ̀rù baálé ilé yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró tì, nítorí ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ to preamp oní-fáàfù rí mọ ìbẹ̀rù náà dáadáa.

Ariwo inú preamp kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ ni èyí tó ń kùn hùùù nísàlẹ̀, tí kì í sinmi. Inú iná tó gbé ẹ̀rọ náà ró gan-an ló ti wá. Iná tí wọ́n ń fà sí ilé wa ní Nàìjíríà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Fáàfù kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí inú rẹ̀ bá gbóná. Fún èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AX7, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, fóòtì 6.3 tàbí 12.6 ni wọ́n fi ń mú un gbóná, bí wọ́n bá ṣe so wáyà rẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́ wọ inú orin.

Bí wọ́n ṣe ń gé àwo tún wá dá kún un. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń mi abẹ́rẹ́ tó ń gé àwo gan-an, tí wọn kò bá sì dín in kù, kòtò kan á ya wọ inú èkejì. Nítorí náà wọ́n ń rẹ ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé òkè ga kó lè borí híhán abẹ́rẹ́ lára àwo. Ní 1954 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà, RIAA, fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lélẹ̀ fún èyí, òun sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé wá ń tẹ̀lé. Preamp ló máa ń dá a padà sí bó ṣe wà: ó ń gbé ìsàlẹ̀ ga, ó ń rẹ òkè sílẹ̀. Ní ibi tí iná wa ti ń kùn, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbéga yẹn tó ìlọ́po 7 ti àárín ohùn. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìkùn iná kì í ṣe ìlù. Ìyá ìlù ló kà á sí, ó sì ń bọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ ìyá ìlù.

Síbẹ̀, ariwo yìí ló rọrùn jù láti bá jà, nítorí a lè lé e lọ láìfọwọ́ kan orin. Àwọn oníṣẹ́ lè sọ iná náà di èyí tí kì í lọ tí kì í bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù. Wọ́n lè lọ́ wáyà méjì tó ń gbé e mọ́ ara wọn, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, kí ipá ọ̀kan máa pa ipá èkejì. Wọ́n lè gbé tíráńsífọ́mà jìnnà sí ibi tí ohùn ti ń wọlé, kí wọ́n sì kó gbogbo wáyà tó ń lọ sílẹ̀ jọ sójú kan. Kò sí èyí tó gba nǹkan lọ́wọ́ akọrin nínú gbogbo wọn. Sùúrù oníṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ìkùn yẹn kì í ṣe ti àwo, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń kọrin. Agbára tó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè gbọ́ràn ni ó ń kùn. Mo ti rí i láàárín wa nínú ìjọ, mo sì ti rí i lára ara mi. Ẹnì kan wá bá alàgbà nítorí pé alàgbà ni. Oyè rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún tó ti lò nídìí Bíbélì, gbogbo wọn ló jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn nǹkan kan náà ló sì ń kùn lábẹ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kó tó sọ ìlàjì, ẹsẹ Bíbélì tí a ó fi dá a lóhùn ti ń dún ní etí wa. Ìrírí wa ti ń sọ fún wa pé a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ẹsẹ náà, ó sì lè jẹ́ òtítọ́ ni ìrírí náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohùn rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé èyí tó yẹ kí Kristẹni kọ́kọ́ bá jà nìyí, kó tó kan ariwo ẹnikẹ́ni mìíràn, nítorí kò ní ná ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan kan.

Ariwo kejì kì í kùn. Ṣììì ni ó ń ṣe, ohùn òkè ni. Ní 1918, Walter Schottky ní Jámánì ṣàlàyé ibi tó ti ń wá: iná tó ń kọjá nínú fáàfù ń já lẹ́yọ lẹ́yọ bí òjò lórí páánù, kálukú ní àkókò tirẹ̀, àpapọ̀ wọn ni etí wá ń gbọ́. Ní 1928, John B. Johnson ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà tẹ ohun tó rí jáde pé ohunkóhun tó bá ń dènà iná ní ariwo tirẹ̀, kódà nígbà tí kò sí ohùn kankan tó ń gbà á kọjá, níwọ̀n ìgbà tí ooru bá ti wà lára rẹ̀. Harry Nyquist sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè lé ariwo yìí tán, nítorí bí a ṣe dá àwọn nǹkan ni ó ti wá. A lè dín in kù. Gbogbo ọ̀nà tí a bá sì gbà dín in kù ló ní ohun tó ń béèrè.

Ẹ wo fáàfù 12AX7 yẹn. Ó ń gbé ohùn ga dáadáa, nǹkan bí ìlọ́po 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó, ṣùgbọ́n ṣììì rẹ̀ kì í ṣe kékeré. ECC88 tí wọ́n ṣe fún inú tẹlifíṣọ̀n dákẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n agbára ìgbéga tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 33 lọ, nítorí náà ẹ ó ní láti wá fáàfù mìíràn kún un kí orin tó tó. Tàbí kí ẹ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan wà nítòsí yín, tí ètò rẹ̀ ń yọ́ wọ inú àwo tí ẹ ń gbọ́. Oníṣẹ́ á fi rẹsísítọ̀ kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà fáàfù láti fi dí i. Rédíò á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ yẹn ní ṣììì tirẹ̀, èyí tí Johnson sọ nípa rẹ̀, ibi tí wọ́n sì fi í sí ni ibi tí ohùn ti kéré jù lọ.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù láàárín àwọn tó ń to preamp wà lórí ohun tí Harold Black, òṣìṣẹ́ Bell Laboratories kan náà, rí ní 1927 nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní New York. Ó rí i pé tí a bá dá díẹ̀ nínú ohun tó jáde padà sí ẹnu ọ̀nà, kó lè máa tako ara rẹ̀, àṣìṣe ẹ̀rọ á dín kù gan-an. Ọ̀pọ̀ preamp fáàfù tó lórúkọ ló ń fi ọ̀nà yìí ṣàtúnṣe ìwọ̀n 1954. Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Wọ́n ní orin a máa mí sí i tí a bá fi rẹsísítọ̀ àti kàpásítọ̀ nìkan ṣe àtúnṣe náà láàárín fáàfù kan àti èkejì. Mo ti gbọ́ méjèèjì, n kò sì rò pé ẹgbẹ́ kankan ń purọ́. Èyí tó ń mí yẹn máa ń wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn máa ń rẹ àárín ohùn sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá kí fáàfù kejì tó gbà á, nítorí náà ṣììì fáàfù kejì náà á wá ka nǹkan. Ẹni tó fẹ́ ìmí náà gbọ́dọ̀ fara da ṣììì rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bọ́tìnnì kan tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, èyí tó ń gé ohùn òkè dànù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ṣììì á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ènìyàn á sì dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tì. Ẹ ó máa gbọ́ igbá rẹ̀ gbù, gbù, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ á ti dákẹ́. Ẹ fetí sí àwo àwọn obìnrin C.A.C. Good Women Choir ti Ìbàdàn pẹ̀lú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé "s" àti "ṣ" inú orin wọn ń dà pọ̀, òye ni ẹ ó sì máa fi mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ibi tí ṣììì ń gbé ni àwọn lẹ́tà yẹn ń gbé. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gé ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Àwo ìgbà yẹn ń yí nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Oje kòkòrò tí wọ́n ń pè ní shellac ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì po lẹ́búlẹ́bú òkúta mọ́ ọn, nítorí náà ariwo kòtò rẹ̀ pọ̀ gan-an. Kò tẹ̀lé ìwọ̀n 1954 rárá, nítorí a ti gé e ṣáájú ìgbà náà, preamp tí kò bá sì ní ọ̀nà láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà kò ní sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní lè fọ irú àwo bẹ́ẹ̀ dé ibi tí kò ní sí ariwo mọ́. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ débẹ̀, ohùn àlùfáà náà á ti gbẹ, á dà bíi pé láti inú agolo ló ti ń bọ̀. Èmi fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú èpò rẹ̀. Bàbá yìí ti sùn nínú Olúwa láti 1930, ariwo yẹn sì ni ilẹ̀ tí ohùn rẹ̀ hù lórí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ fáàfù àkọ́kọ́, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Tí fáàfù àkọ́kọ́ bá sọ ohùn di ìlọ́po 50, ariwo tirẹ̀ náà á di ìlọ́po 50 pẹ̀lú rẹ̀. Tí fáàfù kejì bá ní ariwo tó jọ tirẹ̀, ìdá kan nínú 50 ni yóò jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi máa ń kó fáàfù bíi mélòó kan jọ, tí wọ́n á dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì fi èyí tó dákẹ́ jù sí ipò àkọ́kọ́. Wọ́n á tún fi èékánná kan ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá kàn wọ́n báyìí, sípíkà á dún dìn-ìn bí agogo, nítorí irin wínníwínní inú wọn ń gbọ̀n. Irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò níwájú, níbi tí ohùn ti lágbára. Ipò àkọ́kọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú ìjọ, ipò àkọ́kọ́ wà. Ẹni tí opó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà kọ́kọ́ wo lójú ni. Ẹni tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ́kọ́ sọ fún pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí òun nínú ilé tó yẹ kí wọ́n ti dáàbò bo òun. Ní àkókò yẹn, mílífóòtì 5 ni ohùn náà. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi kún un, ìyàwó pásítọ̀ á gbé e ga, ìgbìmọ̀ á gbé e ga, àdúgbò á gbé e ga, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó gbọ́n tó láti yọ ọ́ kúrò mọ́. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹni tí wọn kì í fọwọ́ kàn kó má dún, tí kò lè gbọ́ ìròyìn kó má pariwo, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ dìn-ìn tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń yan àwọn tó ń gba àlejò, àwọn olùkọ́ ọmọdé, àwọn tó ń jókòó ti àwọn tó ń sunkún lẹ́yìn ìsìn: ẹ fara balẹ̀ yan wọn. Ẹ kàn wọ́n pẹ́pẹ́ kí ẹ tó gbé wọn síbẹ̀.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà á sì wá pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Ó lè máa kólòlò. Ó lè máa bínú, kó máa bú ẹni tí kò yẹ kó bú, kó sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan èkejì. Ó lè ti sọ àsọdùn sí i nítorí kò tíì sí ẹni tó gbà á gbọ́ rí. Èyí ni kòtò àwo. Ẹ má sọ fún un pé kó kọ́kọ́ dá ẹkún dúró kó tó wá sọ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, nítorí inú ẹkún náà ni "s" rẹ̀ wà.

Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ wọn sókè dé ìparí láìfi àwo kankan sí i, wọ́n á tẹ́tí mọ́ sípíkà, wọ́n á sì kẹ́dùn nítorí ṣììì tí wọ́n gbọ́. Nígbà tí ṣììì fáàfù bá ti rẹlẹ̀ ju ariwo kòtò àwo lọ, iṣẹ́ ti tó. Ẹ gbé orin sí i. Mo mọ àwọn onígbàgbọ́ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á dákẹ́, tí àwọn ọmọ á sùn, tí ọkàn àwọn fúnra wọn á tòrò, kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń gbọ́ yín kò ní ìkùn kankan nínú tirẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, ẹnì kan lè bá mi sọ̀rọ̀ lónìí pẹ̀lú ohùn tó kéré. Má jẹ́ kí ipò mi kùn bò ó. Fún mi ní sùúrù fún ariwo tó bá bá a wá. Ràn àwọn tó ń tọ́jú àwo àtijọ́ lọ́wọ́, ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti nínú yàrá ilé wọn, kí ọwọ́ wọn má baà yá jù. Dúró ti gbogbo ọmọ tó ń wá ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún. Ní orúkọ Jésù. Àmín.